Ọdẹ́jìnmí ní Àká Ẹni-Kẹta

Ẹ jókòó dáadáa. Ẹni tí yóò wúkọ́, kí ó wúkọ́ nísinsìnyí. Ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ, kí ó tètè mumi. Ìtàn tí mo gbé wá yìí kò ní ìrù tí a lè dì mú bí ó bá ti sá kọjá, n kò sì ní pè é padà nítorí ẹni tí ó ń tòògbé.

Ọkùnrin kan wà ní ìlú Ìdó-Ọdẹ tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Ọdẹ́jìnmí. Bí ẹ bá rí i lónìí, ẹ ó rò pé àgbẹ̀ lásán ni, nítorí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, kì í sì í so oògùn mọ́ ẹ̀wù kiri kí ayé lè mọ̀ pé ọdẹ ni òun. Ṣùgbọ́n èmi tí mo ń bá yín sọ̀rọ̀ yìí ti bá a ṣọdẹ fún ọdún mọ́kànlá, n kò rí i kí ó yìnbọn lẹ́ẹ̀mejì sí ẹran kan rí. Ó ní ẹni tí ó bá yìn ín lẹ́ẹ̀mejì ń sọ fún ẹran pé ti àkọ́kọ́ kò dá òun lójú. Bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe ń gbé ayé rẹ̀: ọ̀rọ̀ kan, ìbọn kan, aya kan.

Aya náà ni Ìbíyẹmí, akọ̀wé ìlú. Òun ni ó ń tẹ gbogbo ìwé Ìdó-Ọdẹ lórí kọ̀ǹpútà tí ó wà ní ọ́fíìsì ìgbìmọ̀: ìwé ìpàdé, ìwé ìbí, ìwé òkú, ìwé ààlà ilẹ̀. Láyé àtijọ́, inú àpótí onígi ni wọ́n ń kó ìwé sí, títí ikán fi jẹ ìwé ogún ọdún pẹ̀lú àpótí rẹ̀. Láti ìgbà náà ni Ìbíyẹmí ti wá ibòmíràn fún ìwé ìlú. Bí ó bá ti tẹ ìwé kan tán, kì í fi í sínú ẹ̀rọ náà, kì í sì í fi tákàdá ṣòfò. Tààrà ni ó ń rán an lọ sí àká kan tí ó wà lókè àwọsánmà. Àwọn àgbà bi í pé ta ni ó ni àká.

Ó dá wọn lóhùn pé, "Ẹ̀yin bàbá mi, àwa tí a kọ ìwé ni ẹni kìn-ín-ní. Àwọn tí wọ́n ṣe ẹ̀rọ ni ẹni kejì. Ẹni tí ó ni àká, èmi kò mọ ojú rẹ̀. Ẹni kẹta ni."

Àgbà kan fajú ro. Ó ní, "Ẹni tí a kò mọ̀ ni kí ó máa bá wa tọ́jú ẹrù?"

Ìbíyẹmí ní, "Bàbá, ikán tí ẹ mọ̀ dáadáa ńkọ́?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín, ọ̀rọ̀ sì tán. Láti ọjọ́ náà ni gbogbo ìlú ti ń pe ibẹ̀ ní Àká Ẹni-Kẹta.

Ìbíyẹmí kú nígbà tí àgbàdo ń yọ irùkẹ̀rẹ̀. Ibà ọjọ́ mẹ́ta ni. Wọ́n sin ín sí Ilẹ̀ Etídò, níbi tí oko rẹ̀ wà, nítorí ó ti sọ bẹ́ẹ̀ fúnra rẹ̀. Kò sí sìmẹ́ńtì lórí rẹ̀, òkìtì erùpẹ̀ lásán ni. Ọdẹ́jìnmí kò sunkún. Ó wẹ̀, ó jẹun, ó nu ìbọn rẹ̀. Àwọn ará ìlú ní ọkàn rẹ̀ le. Kì í ṣe líle. Ó dà bí ẹni pé ayé bọ́ sínú yàrá kejì, wọ́n sì pa ìlẹ̀kùn dé: ó ń gbọ́ pé àwọn ènìyàn ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀, ṣùgbọ́n kò rò pé òun ni wọ́n ń bá wí.

Ní oṣù keje lẹ́yìn ìsìnkú, àwọn ará Ìsàlẹ̀-Odò, tí wọ́n ń gbé òdìkejì omi, gbé katakátá kọjá wá sí Ilẹ̀ Etídò. Wọ́n ní àwọn ni wọ́n ni ilẹ̀ náà. Agbẹnusọ wọn ni Láwọyin, ọkùnrin tí ètè rẹ̀ kì í sinmi.

Láwọyin ní, "Ẹ mú ìwé ààlà wá. Bí kò bá sí ìwé, katakátá ni ìwé tiwa. Ó mọ̀ ọ́n kọ dáadáa."

Àwọn ìlú méjèèjì yan Alárinà kan, obìnrin agbẹjọ́rò tí kò bá ẹnikẹ́ni tan nínú wọn. Alárinà dá ọjọ́ mẹ́sàn-án. Bí ìwé kò bá jáde ní ọjọ́ kẹsàn-án, Ìsàlẹ̀-Odò yóò tú ilẹ̀ náà láti etí dé etí, òkìtì Ìbíyẹmí yóò sì wà lábẹ́ irin. Ohun tí ó wà nílẹ̀ nìyẹn. Ẹ fi í sọ́kàn.

Ọdẹ́jìnmí lọ sí ọ́fíìsì, ó dúró lẹ́yìn Tàfá, akọ̀wé tuntun, tí òógùn ń bọ́ lójú rẹ̀ níwájú kọ̀ǹpútà.

"Bàbá, ó ní kò sí ohun tí ó ń jẹ́ Ìwé Ààlà."

"Tún un wá."

"Ẹ̀ẹ̀méjìlélógún ni mo ti wá a. Mo wá Ilẹ̀ Etídò, mo wá Ìdó-Ọdẹ, mo tilẹ̀ wá orúkọ ìyáálé mi. Ìwé ìyókù ń jáde. Ẹyọ kan yìí ni kò jáde."

"Ó sọ ọ́ nù?"

"Bàbá, kì í sọ nǹkan nù. Ó wà níbẹ̀. Orúkọ tí aya yín fi sí i ni a kò mọ̀." Tàfá fi ìka kan ojú dígí. "Ẹ wò ó. Ó ní ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ bá ká lára, kí ó wá fúnra rẹ̀."

"Níbo?"

"Kò sọ. Àwòrán àwọsánmà ni ó kàn yà síbẹ̀."

Ọdẹ́jìnmí wo àwòrán náà fún ìgbà díẹ̀. Ó ní, "Mo mọ ibi tí àwọsánmà ti ń sọ̀ kalẹ̀." Ó sì jáde. Tàfá rò pé ìbànújẹ́ ti dà á lórí rú. Ṣùgbọ́n ọdẹ wo nínú yín ni kò mọ Igbó Kùrukùru, níbi tí àwọsánmà ti máa ń wá fi ikùn lélẹ̀ láàárọ̀ bí ẹran tí ó jẹun yó? Ẹ mọ̀ ọ́n. Ẹ kàn ń bẹ̀rù rẹ̀ ni. Èmi náà bẹ̀rù rẹ̀, èmi tí mo ti fa àmọ̀tẹ́kùn ní ìrù rí, tí mo sì ní kí ó dúró kí n ka àmì ara rẹ̀.

N kò ní sọ fún yín bí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ń tẹ̀lé ara wọn. Gbogbo wa ni a mọ bí a ti ń rìn. Ó wọ igbó náà, funfun bo ojú rẹ̀, nígbà tí funfun sì ká, ó bá ara rẹ̀ ní àárín ìlú kan.

Orúkọ ìlú náà ni Ó-Kù-Díẹ̀. Kò sí ilé níbẹ̀, kò sí ọjà. Ìta gbangba kan ni ó wà níbẹ̀, ó rí róbótó bí ojú awo, gbogbo ará ìlú sì ń yí i ká, àgbà àti ọmọdé, ọ̀kan lẹ́yìn ọ̀kan, láìdúró. Ọdẹ́jìnmí kí ọkùnrin arúgbó kan bí ó ti ń kọjá.

"Ẹ kú ìrìn o, bàbá."

"A kì í rìn. À ń dúró ni," ni arúgbó náà wí, ó sì kọjá lọ.

Ọdẹ́jìnmí dúró títí ó fi yí ká dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì. "Kí ni ẹ ń dúró dè?"

"Bí a bá mọ̀ ọ́n, a kì bá ti lọ sílé?" Ó tún kọjá.

Nígbà kẹta, arúgbó náà ni ó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó ní, "Tèmi kò ní pẹ́ mọ́. Mo ti dé ìdá mọ́kàndínlọ́gọ́rùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún. Ó ku ẹyọ kan."

"Láti ìgbà wo?"

"Láti ọdún mẹ́fà."

Ẹ máa rẹ́rìn-ín. Ẹnì kan nínú yín tí ó ń rẹ́rìn-ín jù kò ní lo àkókò tí a fi ń bó ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan níbẹ̀ kí wọ́n tó gbà á sínú agbo. Òfin ìlú náà ni pé ẹni tí ó bá bínú nítorí ìdúró, ẹsẹ̀ rẹ̀ yóò gbéra, kò sì ní dúró mọ́. Ilẹ̀ ibẹ̀ ń gbọ́ ooru ìbínú láti inú àtẹ́lẹsẹ̀. Gbogbo àwọn tí ó ń yí po yẹn, alágbára ni wọ́n, akíkanjú ni wọ́n. Ohun tí ó mú wọn kò ju pé wọ́n ń kánjú. Mo mọ ara mi. Ẹsẹ̀ mi ì bá ti kó sínú agbo kí n tó kí ẹnikẹ́ni tán.

Ọdẹ́jìnmí ni ènìyàn tí ó kórìíra ìfàkókòṣòfò jù lọ nílẹ̀ Ìdó-Ọdẹ. Ẹni tí ó bá dá a dúró lójú ọ̀nà láti kí i ní kíkí gígùn, kì í kí i mọ́. Ilẹ̀ náà dúró dè é. Ó wá ìbínú nínú ara rẹ̀ bí ènìyàn ti ń wá ọ̀bẹ nínú àpò, kò rí i. Ó jókòó. Ó ń wo wọn. Nígbà tí ọ̀sán pọ́n, ìdúró sú ilẹ̀ náà, ó la ara rẹ̀ sí méjì, ọ̀nà sì yọ. Ọdẹ́jìnmí kò yọ̀. Ó gbé ìbọn rẹ̀, ó bọ́ sí i.

Ohun tí ó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Ní òpin ọ̀nà náà ni Olójú-Mẹ́sàn-án jókòó sí, iwin tí ó ń ṣọ́ ẹnubodè. Kò ní imú, kò ní etí. Ojú mẹ́sàn-án ni ó tò sí i lójú, mẹ́ta lókè, mẹ́ta láàárín, mẹ́ta nísàlẹ̀, bí ìgbà tí a bá pín oko sí ebè.

Iwin náà ní, "Fi hàn mí pé ènìyàn ni ọ́."

Ọdẹ́jìnmí ní, "O kò rí mi ni? Ojú mẹ́sàn-án ni o ní."

"Àwọn ohun tí kì í ṣe ènìyàn ń wá síbí lójoojúmọ́, wọ́n wọ ẹ̀wù ènìyàn, wọ́n ń dápàárá bí ènìyàn. Mo ti jẹ ọ̀pọ̀ ìyà lórí ọ̀rọ̀ yìí. Wo inú àwọn ojú mi. Igbó wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Fi ọwọ́ kan gbogbo èyí tí pańpẹ́ wà nínú rẹ̀."

Ọdẹ́jìnmí wò ó. Ó fi ọwọ́ kan mẹ́rin.

"Mẹ́ta ni," ni iwin náà wí.

"Mẹ́rin ni. Wo èyí tí ó wà nísàlẹ̀ lápá òsì. Koríko ibẹ̀ tẹ̀ sí ìwọ̀-oòrùn, gbogbo ìyókù sì tẹ̀ sí ìlà-oòrùn. Ẹnì kan ti fi ọwọ́ tò ó. Bí ẹran kò bá mọ̀ ọ́n, ó yẹ kí ẹni tí ó gbé igbó sójú ara rẹ̀ mọ̀ ọ́n."

Iwin náà di gbogbo ojú rẹ̀, ó là wọ́n. "Èmi ni mo dẹ ẹ́. Kò sí ẹni tí ó rí i rí. Èyí fi hàn pé ọdẹ ni ọ́. Kò tíì fi hàn pé ènìyàn ni ọ́. Kí ni ó gbé ọ wá?"

"Ìwé tí aya mi fi pamọ́. Ó ti kú."

"Ènìyàn a máa sunkún òkú. Sunkún kí n rí i, n ó sì ṣí ẹnubodè."

Ọdẹ́jìnmí gbìyànjú. Ó rántí ọjọ́ tí wọ́n gbé e kúrò nílé. Ó rántí bàtà rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Kò sí ohun tí ó yọ. Ó ní, "Oṣù keje rèé tí mo ti ń wá omijé náà. Bí o bá rí i lọ́dọ̀ rẹ, jọ̀wọ́, fún mi."

Iwin náà wò ó pẹ́ títí. Lẹ́yìn náà ó sún kúrò lẹ́nu ọ̀nà. Ó ní, "Kọjá. Àwọn tí kì í ṣe ènìyàn a máa mú omijé dání wá, ó kún ìgò. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí ó wá a rí."

Bí Ọdẹ́jìnmí ti ṣe dé Àká Ẹni-Kẹta nìyẹn, ẹ má sì bi mí bí ó ti tóbi tó, nítorí òun fúnra rẹ̀ sọ pé òun kò rí ògiri. Àwọn ìwé bà sórí àwọsánmà bí lékeléke ti ń bà sórí igi ní ìrọ̀lẹ́, ẹgbẹẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹgbẹẹgbẹ̀rún, wọn kò mira. Ìwé àwọn ọba wà níbẹ̀, ìwé àwọn ilé-ìwé wà níbẹ̀, ìwé ìfẹ́ wà níbẹ̀, àti ìwé tí àwọn tí wọ́n kọ ọ́ ti gbàgbé pé àwọn kọ. Kò sí ikán. Kò sí eruku. Kò sí òórùn kankan.

Olùtọ́jú àká jáde sí i. Ọkùnrin pẹ̀lẹ́ ni, kò ní òjìji. Ó ní, "Ẹ káàbọ̀. Ẹ ṣeun tí ẹ yàn wá. Kí ni orúkọ ohun tí ẹ ń wá?"

"Ṣé ìwọ ni ẹni kẹta náà?"

"Mo ń bá a ṣiṣẹ́ ni. Èmi náà kò tíì rí i. Orúkọ?"

"Ìwé ni. Ó sọ ibi tí ilẹ̀ wa dé. Aya mi ni ó tẹ̀ ẹ́. Ó mẹ́nu kan òkúta mẹ́ta, àti odò kan."

"Ẹ dákun, àwa kì í ka ohun tí a ń tọ́jú. Bí ó jẹ́ ìbùkún ni, bí ó jẹ́ èpè ni, a kò mọ̀. Orúkọ nìkan ni a mọ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni ẹ lè pè é. Bí ẹ bá ṣì í ní ìgbà kẹta, ẹnubodè yóò tì fún ogójì ọjọ́, fún ààbò yín."

"Fún ààbò mi? Ọjọ́ mẹ́rin ni ó kù kí wọ́n tú ibojì rẹ̀."

"Ó dùn wá púpọ̀," ni Olùtọ́jú wí, ẹ̀rín rẹ̀ kò sì dín. "Orúkọ?"

Ọdẹ́jìnmí ní, "Ààlà Ìdó-Ọdẹ àti Ìsàlẹ̀-Odò." Àwọn ìwé kò mira.

Ó ronú. Obìnrin a máa fi ohun tí ó ṣe iyebíye sí orúkọ olórí ilé. Ó ní, "Ọdẹ́jìnmí." Wọn kò mira.

Ó ku ẹyọ kan.

Ó jókòó sórí àwọsánmà náà. Àṣìṣe tí ó ṣe yé e bí ó ti jókòó, ó sì yẹ kí ó ti yé gbogbo ẹ̀yin tí ẹ ní aya nílé. Obìnrin wo ni ó ń pe orúkọ ọkọ rẹ̀? Ìbíyẹmí lè tẹ orúkọ gbogbo ìlú láìwo ọwọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n fún ọdún mẹ́rìndínlógún, ẹnu rẹ̀ kò pe Ọdẹ́jìnmí rí. Ìka rẹ̀ kò sì ní tẹ ohun tí ẹnu rẹ̀ kò pè. Àwọn obìnrin mìíràn a máa pe ọkọ wọn ní Bàbá Lágbájá, wọn a gba ẹ̀yìn ọmọ kọjá. Àwọn méjèèjì kò bímọ. Nítorí náà Ìbíyẹmí fúnra rẹ̀ sọ ọkọ rẹ̀ lórúkọ, orúkọ kan tí kò sí lẹ́nu ìyá, tí kò sí lẹ́nu bàbá. Ó ń pè é níta gbangba ní gbogbo ìrọ̀lẹ́, láti etí odò, bí ó bá ti tó àkókò oúnjẹ. Ọdẹ́jìnmí ti jẹ́ orúkọ náà lẹ́gbẹ̀rún ìgbà. Kò pè é rí. Ta ni ń fi ẹnu ara rẹ̀ kí ara rẹ̀?

Ẹnu rẹ̀ wúwo. Ó pe orúkọ náà bí ẹni tí ń sọ ọ̀rọ̀ ìlú mìíràn.

"Mápẹ́nígbó."

Láti ibi jíjìn réré, ìwé kan gbéra láàárín àwọn ìyókù. Ó fò wá, ó bà sí i lórí orúnkún.

Ó kà á. Odò ni ààlà. Òkúta mẹ́ta ni àmì. Ní ìsàlẹ̀, níbi tí a kọ orúkọ àwọn méjì tí wọ́n fi ẹsẹ̀ rin ààlà náà sí, Ìbíyẹmí tẹ Ògúntọ́lá fún Ìsàlẹ̀-Odò, ó sì tẹ Mápẹ́nígbó, ọdẹ, fún Ìdó-Ọdẹ. Ọdẹ́jìnmí rántí ọjọ́ tí Ìbíyẹmí ka ìwé náà fún àwọn àgbà kí wọ́n tó gbà á. Nígbà tí ó dé ibẹ̀, kò ka orúkọ kankan. Ó kàn fi àgbọ̀n júwe ọkọ rẹ̀, ó ní, "àti ẹni tí ó jókòó sọ́hùn-ún yẹn." Gbogbo wọn mi orí.

"Mo lè mú un lọ?"

"Ẹ mú un. Yóò sì tún wà níbí. Ohun tí ẹ bá mú níbí kì í dín, bí iná tí a tàn lára iná." Olùtọ́jú tẹrí ba. "Ṣé ohun mìíràn tún wà?"

Ọdẹ́jìnmí ní, "Òun náà ńkọ́? Ṣé ó wà níbí?"

"Ohun tí ó fi pamọ́ nìkan ni ó wà lọ́dọ̀ wa. Kò fi ara rẹ̀ pamọ́." Olùtọ́jú wo yíká. "Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fẹ́, ẹ̀yin lè dúró. Ohun tí ó bá wà níbí kì í gbó, kì í jẹrà, kì í dun nǹkan kan."

Ẹ gbọ́ mi, ó ronú sí i. Èmi kò ní purọ́ fún yín nítorí kí akọni lè dùn ún gbọ́. Kò sí ìyàtọ̀ púpọ̀ láàárín ibẹ̀ àti ilé rẹ̀. Ohun tí ó mú un dìde kò ju pé ìwé náà wà lọ́wọ́ rẹ̀, a kì í sì í gba ìwé láì jẹ́ iṣẹ́ rẹ̀. Ó ká a sínú àpò ọdẹ rẹ̀, ó sì padà.

Ọjọ́ kẹsàn-án pé. Àwọn ará Ìdó-Ọdẹ dúró sí bèbè tiwọn, àwọn ará Ìsàlẹ̀-Odò dúró sí tiwọn, katakátá wọn sì ti ń hó. Alárinà jókòó sórí àpáta àárín omi, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé ó fi ẹ̀yìn ti ẹnì kan. Ó gba ìwé lọ́wọ́ Ọdẹ́jìnmí, ó kà á sókè láti òkè dé ìsàlẹ̀. Wọ́n pa katakátá.

Láwọyin ní, "Ìwé dára. Mo gbà pé ìwé ni. Ògúntọ́lá, bàbá wa ni, ó ti sùn. Ṣùgbọ́n ta ni Mápẹ́nígbó? Mo bá Ìdó-Ọdẹ jẹ, mo bá wọn mu, n kò gbọ́ irú orúkọ bẹ́ẹ̀ rí. Ṣé ewúrẹ́ ni?"

Àwọn tirẹ̀ rẹ́rìn-ín. Ọdẹ́jìnmí ní, "Èmi ni."

"Ìwọ? Ọdẹ́jìnmí ni ìyá rẹ sọ ọ́."

"Aya mi ni ó ń pè mí bẹ́ẹ̀."

"Ẹ pe aya náà wá kí ó wá sọ ọ́." Láwọyin mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà burú bí ó ti ń jáde, ṣùgbọ́n ètè rẹ̀ ti kọjá lọ. "Alárinà, ẹ gbọ́ mi. Bí ọ̀rọ̀ bá jẹ́ pé kí ènìyàn kàn dìde, kí ó ní òun ni, èmi náà ni Mápẹ́nígbó láti òní lọ. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ó wá já a gbà lọ́wọ́ mi."

Alárinà wo Ọdẹ́jìnmí. Ó ní, "Ṣé ẹlẹ́rìí wà?"

Àwọn ará Ìdó-Ọdẹ wo ara wọn. Ẹbí òun aládùúgbò gbọ́ pé Ìbíyẹmí ń pe nǹkan kan létí odò. Wọ́n rò pé ó kàn ń sọ fún ọkọ rẹ̀ pé kí ó má pẹ́ nígbó ni. Wọ́n mọ̀ pé Ọdẹ́jìnmí ni ó rin ààlà, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó lè búra pé orúkọ rẹ̀ ni. Orúkọ ẹni ni ìjánu ẹni, àmọ́ ẹni tí ó mọ ti Ọdẹ́jìnmí wà lábẹ́ ilẹ̀.

"Mo gbọ́ ọ rí," ni ohùn kan wí láti bèbè Ìsàlẹ̀-Odò.

Ìyá Aláró ni, obìnrin àgbà tí ìkòkò aró rẹ̀ wà létí omi, tí ọwọ́ rẹ̀ dúdú dé ìgbọ̀nwọ́. Láwọyin yíjú kánkán, nítorí òun ni ìyá tí ó bí i.

"Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ jókòó."

"Níbo? Lórí aró?"

"Ìyá, ẹ kò mọ ohun tí a ń bá wọn fà níbí. Ilẹ̀ wa ni."

"Láwọyin, ọmú mi méjèèjì ni o mu, kò sí èyí tí irọ́ wà nínú rẹ̀. Ọdún mẹ́rìndínlógún ni obìnrin náà fi ń pe ọkọ rẹ̀ gba orí ìkòkò mi kọjá. Bí ó bá pè é, n ó mọ̀ pé ó tó àkókò láti kó aṣọ nílẹ̀. Láti ìgbà tí ó ti dákẹ́, aró mi kì í jáde lásìkò mọ́."

Láwọyin ní, "Ó dára, ẹ gbọ́ ìpè. Ta ni ó ń jẹ́ ẹ? Ẹnikẹ́ni lè wà nínú igbó!"

Ìyá Aláró nu ọwọ́ rẹ̀ sí ìró, ó sọ̀ kalẹ̀ dé ibi tí omi ti kan ẹsẹ̀ rẹ̀, ó fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì ká ẹnu. Ó sì pè é bí Ìbíyẹmí ti ń pè é, ó gbé ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ sókè, ó fa ìparí rẹ̀ gùn gbọọrọ lórí omi:

"Mápẹ́nígbó o! Mápẹ́nígbó ò-ò-ò!"

"Mò ń bọ̀ o!"

Kò sí ẹni tí ó rí i nígbà tí Ọdẹ́jìnmí la ẹnu. Òun fúnra rẹ̀ kò mọ̀. Ohùn náà ti jáde, ó ti kan igbó, ó ti padà, kí ó tó mọ̀ pé òun ti sọ̀ kalẹ̀ nínú bèbè, pé omi ti dé òun ní orúnkún, pé apá òun nà síwájú bí ti ẹni tí ó ru ẹran dé. Ní òdìkejì, Láwọyin tí ó ti gba orúkọ náà níwájú gbogbo ayé dúró, ó ń wo ìyá rẹ̀. Kò jẹ́ ẹ. Kò tilẹ̀ wá sí ọkàn rẹ̀ pé ẹnì kan pe òun.

Alárinà ká ìwé náà. Ó ní, "A pe ẹnì kan, ẹni tí a pè sì ti jẹ́." Ó ní kí wọ́n gbé katakátá padà.

Àwọn ará Ìdó-Ọdẹ hó yè. Ìyá Aláró ní, "Ọkọ ọ̀rẹ́ mi, padà sókè. Omi tutù." Lóòótọ́ ni, omi náà tutù, ó ń gún un lẹ́sẹ̀ bí abẹ́rẹ́. Ṣùgbọ́n Ọdẹ́jìnmí kò tíì lọ. Ó dúró níbẹ̀, ó dẹtí, nítorí kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni Ìbíyẹmí máa ń pè é.

Ilẹ̀ náà wà níbẹ̀ dòní. Ibi tí mo bá ìtàn dé nìyí. Ẹni tí iṣẹ́ ń dúró dè nínú yín, kí ó dìde.